Ọ̀sẹ̀ Méjì: Bí A Ti Lé Wa ní Gánà, àti Bí A Ti Lé Wọn ní Nàìjíríà

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá wọ ọjà Agége lónìí, ẹ óò rí àpò ńlá kan tí a fi ọ̀rá hun, tí ó ní ilà pupa, funfun àti búlúù, tí a tò jọ gègèrè níwájú àwọn ìsọ̀. Àwọn obìnrin tí ń ta òkìrìkà fi ń di ọjà. Àwọn òbí fi ń kó ẹrù ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé. Bí ẹ bá béèrè orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà yóò dá yín lóhùn pé “Ghana Must Go” ni, èyí ni pé kí ará Gánà máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún bi ọmọ náà pé, ta ni ó ní kí ará Gánà máa lọ, kí ni ará Gánà ń ṣe níhìn-ín, kí sì ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ọmọ náà kò ní rí èsì fọ̀. Mo ti bi àwọn olùkọ́ pàápàá, èsì wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ti ọmọ náà lọ.

Kí a tó lé wọn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lé wa. Ìtàn méjèèjì ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo ṣe àkíyèsí pé àwọn tí ó mọ èkíní kò fẹ́ gbọ́ èkejì, àwọn tí ó sì ń fi èkejì ṣe ẹ̀rín kò rántí èkíní.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Agége fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n àlejò ni ó sọ ọ́ di ìlú tí a mọ̀. Nígbà tí a la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Èkó tí ọjà ti ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ gba ilẹ̀ oko níbẹ̀. Jacob Kehinde Coker ni ó lókìkí jù nínú wọn, ọkùnrin kan náà tí orúkọ rẹ̀ kò lè sọnù nínú ìtàn Ìjọ Áfíríkà. Ní ọdún 1907 àwọn olóko wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége. Àwọn alágbàṣe ti òkè wá síbẹ̀ wá ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, wọ́n mú irúgbìn kòkó lọ́wọ́ lọ sí ìlú wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkó nìkan ni Agége gbìn. Wọ́n gbin gbànja pẹ̀lú.

Obì àbàtà ni obì tí ilẹ̀ wa mọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gbànja aláwẹ́ méjì jẹ́ obì ilẹ̀ Asante, a sì gbà pé láti ara orúkọ Gonja, ilẹ̀ kan ní àríwá Gánà, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e láti Góòlù Kóòsì, bí a ti ń pe Gánà nígbà náà, wá sí Èkó, kí àwọn Hausa tó kó o lọ sí Òkè Ọya. Nígbà tí àwọn olóko Agége gbìn ín tí ó sì so, díẹ̀díẹ̀ ni obì Agége gba ọjà lọ́wọ́ obì tí ń ti ojú òkun wá. Àwọn Hausa wá jókòó sí Agége láti máa rà á, àdúgbò wọn sì wà níbẹ̀ di òní. Nítorí náà, apá kan nínú ọrọ̀ àkọ́kọ́ Agége, láti Gánà ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Kò sí ẹni tí ó bi irúgbìn náà léèrè ìwé ìgbélùú.

Ààlà tí a ń sọ yìí náà kò pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fi ọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi pín ilẹ̀ tí ó wà láàrin Èkó àti Àjàṣẹ́. Ìlà tí wọ́n fà fi ìlú Kétu sí ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ Kétu, sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn baba wa wí pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ṣùgbọ́n ààlà tí baba àti ọmọ fà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ mọ̀ ọ́n. Èyí, àjèjì méjì ni ó fà á ní ìlú òkèèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ìlà náà wà lórí ìwé ju bí ó ti wà lórí ilẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ ń rìn ín kọjá, kò sì ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó rú òfin.

Àwọn tí ó rìn ín kọjá jù nínú wa ni àwọn ará ilẹ̀ ọ̀dàn: Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Èjìgbò, Ìníṣà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Kòkó kò ṣe dáradára nínú ilẹ̀ wọn. Nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn, Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà ń ta kòkó tí wọ́n fi ń kọ́ ilé alágbèékà, ará ọ̀dàn ní láti wá owó orí àti owó ìyàwó rẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n di aṣọ, wọ́n di ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn, nígbà tí ó sì ṣe, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Góòlù Kóòsì. Ẹ̀gbọ́n lọ, ó ránṣẹ́ pe àbúrò. Ọkọ lọ, ó padà wá gbé ìyàwó. Ìyàwó náà pàtẹ ọjà tirẹ̀, nígbà mìíràn ó lówó ju ọkọ lọ.

Wọn kò lọ fi agbára gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Accra, ní Kumasi, ní Tamale, ní Yendi, àti ní àwọn ìletò tí ilé ìtajà òyìnbó kò dé, wọ́n jókòó ti abẹ́rẹ́, òwú, ìṣáná, àwo, sálúbàtà àti aṣọ ìró. Ohun tí òyìnbó ń tà ní páálí páálí ni wọ́n ń tú, tí wọ́n sì ń tà ní ẹyọ ẹyọ fún ẹni tí kò ní ju kọ́bọ̀ kan lọ lọ́wọ́. Nígbà tí a ka ènìyàn ní Gánà ní ọdún 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ́wọ́ lọ, wọ́n ń ti ilé ẹni kan jọ́sìn kí wọ́n tó kọ́ ilé ìsìn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, kò sì di dandan fún mi láti máa yìn wọ́n, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ibi tí míṣọ́nnárì kò tíì dé ní ilẹ̀ náà, obìnrin aláṣọ tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ti kọ orin ìyìn níbẹ̀.

Alata ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wá. Ọṣẹ dúdú wa wọ inú ilé wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní alata samina, ọṣẹ àwọn Alata, títí di òní. Wọ́n fi orúkọ wa pe ọṣẹ. Àwa fi orúkọ wọn pe àpò.

Ohun kan wà nínú òwò náà tí mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ó bu ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nígbẹ̀yìn. Ohun náà ni àwìn. Àgbẹ̀ kì í ní owó lọ́wọ́ láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ìyá rẹ̀ bá kú tí ó fẹ́ ra aṣọ ọ̀fọ̀, ọ̀dọ̀ Alata ni yóò lọ, yóò sì wí pé, “Nígbà tí mo bá ta kòkó.” Alata yóò fún un. Ẹni tí ó fún àgbẹ̀ ní àwìn, òun náà ti ra ọjà ní àwìn lọ́dọ̀ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè so wọ́n pọ̀ bí okùn láti Tamale dé Accra, kò sì sí ìwé kan tí wọ́n fi ṣe é ju orí pípé àti ojú tí wọ́n jọ ń rí lójoojúmọ́. Nígbà tí kòkó bá dé, láti oṣù Kẹwàá lọ, gbèsè a bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọrọ̀ ẹlòmíràn tí ó ti lo 30 ọdún ní Gánà kò sí nínú àpótí rẹ̀ rárá. Ó wà ní ọwọ́ àwọn ènìyàn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà kéde pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde kúrò ní ìlú. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ni ìpẹ̀kun. Kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nígbà náà ni.

Ọ̀mọ̀wé Kofi Abrefa Busia ni olórí ìjọba tí ó ṣe òfin yìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn án ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún náà ni. Ó bá gbèsè púpọ̀ nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kò ríṣẹ́, ariwo sì pọ̀ ní ìgboro pé àwọn àjèjì ni ó gba gbogbo ọjà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nípa ọkùnrin yìí ni pé kò ṣàìmọ̀ ohun tí àjò jẹ́. Láti ọdún 1959 títí di ọdún 1966 ni òun fúnra rẹ̀ fi sá kúrò ní ìlú nítorí ìjọba Nkrumah, tí ó ń kọ́ni ní ìlú àwọn òyìnbó, tí àwọn onílùú sì gbà á.

Ìwé ìgbélùú náà kò ṣe é rí gbà bí ìkéde náà ti sọ ọ́. Kí ènìyàn tó gbà á, ó ní láti ní ìwé ìrìnnà. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò fi ojú kan ìwé ìrìnnà rí. Ẹni tí ó dé Kumasi ní ọdún 1930, abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti kúrò, abẹ́ ọba kan náà ni ó sì dé. Ta ni ì bá fún un ní ìwé, nítorí kí ni? Ìlà ni ó kọjá lórí rẹ̀ nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọdún 1957. Àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ ńkọ́? Òfin wí pé ibi tí a bí ọmọ sí nìkan kò tó láti sọ ọ́ di ọmọ Gánà. Èrò kún ẹnu ọ̀nà ilé ìṣojú Nàìjíríà ní Accra lọ́sàn-án lóru, wọ́n ń wá ìwé.

Ẹ jẹ́ kí á wá ro ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì lè ṣe. Ẹni tí ó ní ilé kò lè rí ẹni rà á ní iye tí ó tó, nítorí olùrà mọ̀ pé bí òun bá dúró di ọjọ́ kẹtàlá, ẹni náà yóò gba ohunkóhun. Ẹni tí ó ní ọjà ní ìsọ̀ kò lè kó o tán sínú ọkọ̀, ẹni tí ó sì ní ọkọ̀ ti sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po. Ti àwìn ni ó burú jù. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò ní láti sá. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni òfin ń lé. Àwọn onígbèsè kan wà tí wọ́n wá owó rí tí wọ́n sì wá san án ní òru, kí á má fi ti ẹlòmíràn ba orúkọ wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kòkó rẹ̀ ṣì wà lórí igi, kí ni yóò fi san án?

Wọ́n gba Tógò, wọ́n gba Dàhòmì, wọ́n wọ Nàìjíríà. Ogun abẹ́lé kò tíì tán níhìn-ín nígbà náà. Oṣù kan ó lé díẹ̀ ló kù kí ó parí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, yàrá kan di ibùsùn ènìyàn mẹ́wàá. Àwọn ọmọ tí ó gbọ́ Twi tàbí Dagbani ju Yorùbá lọ jókòó nínú kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti jẹ́ Alata ní ibi tí a bí wọn sí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí a ní kí wọ́n lọ, “ọmọ Gánà” ni orúkọ wọn. Àwọn àgbà tí kò rí oko tàbí ìsọ̀ nílé tún ìdí di, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìbàdàn àti Èkó. Mo mọ ìyá kan ní Agége tí a bí ní Kumasi, tí ó sì ń pe ata ní mako títí di òní bí inú bá ń bí i.

Gánà náà kò jèrè bí wọ́n ti rò. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ kòkó wà lára àwọn tí a lé, àwọn olóko sì ké pé àwọn kò rí alágbàṣe. Ní ìletò púpọ̀, ìsọ̀ tí a tì kò rí ẹni ṣí i, nítorí ẹni tí ó gbà á kò ní ẹni tí yóò fún un ní ọjà àwìn. Ọ̀pọ̀ ilé ìsìn Onítẹ̀bọmi ṣófo láti ọjọ́ ìsinmi kan sí èkejì. Àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia ní ọjọ́ 13 oṣù Kíní ọdún 1972. Ìlú òyìnbó ni ó wà nígbà náà, kò sì padà sílé mọ́. Oxford ni ó kú sí ní ọdún 1978.

Ó ti di ìgbà yìí kí ọwọ́ Nàìjíríà tó tẹ owó epo rọ̀bì. Nígbà tí iye epo fò sókè láti ìparí ọdún 1973, owó dé sí Èkó bí òjò, ibi tí owó náà sì ti rí iṣẹ́ ṣe jù ni Ìkẹjà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ilé iṣẹ́ aṣọ wà níbẹ̀, ti táyà Dunlop wà níbẹ̀, ti oògùn, ti bisikíìtì, ti ọ̀dà. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà kò lè san owó ilé Ìkẹjà. Agége ni ó ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ni Agége tún kún fún àlejò lẹ́ẹ̀kejì.

Gánà ní tirẹ̀ ń rẹlẹ̀. Owó wọn di bébà, àwọn olùkọ́ wọn kò lè fi owó oṣù bọ́ ilé. Àdéhùn méjì sì wà tí ó ṣí ọ̀nà fún wọn. Ní Èkó níhìn-ín ni a ti fi ọwọ́ sí ìwé tí ó dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní Dakar, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, àwọn ìjọba náà gbà pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba àṣẹ ìwọ̀lú, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, ó ní láti tọrọ àṣẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni ìjọba wa dúró lé lẹ́yìn náà.

Wọ́n wá. Bíríkìlà, káfíńtà, telọ̀, atúnbàtàṣe, aṣọ́gbà. Obìnrin wọn ń ta oúnjẹ ní ẹnu géètì àwọn ilé iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ wọn wá pẹ̀lú, èyí sì kan àwa tí a wà ní iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ní ọdún 1976, àti nígbà tí Alhaji Lateef Jakande kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹpẹtẹ ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1979, ilé pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Àwọn ará Gánà ni ó dí àlàfo náà ní ọ̀pọ̀ ibi, pàápàá nínú ìṣirò àti ìmọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Àwọn tí ó ti lé 50 ọdún nínú àwọn tí ó ka ìwé ní Agége lè dárúkọ ọ̀kan, ó kéré tán, tí ó kọ́ wọn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ó le, ó sì máa ń dé ní àkókò.

Lẹ́yìn náà ni ọjà epo bàjẹ́. Owó tí epo mú wọlé ní ọdún 1983 kò tó ìdajì ti ọdún 1980. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1982 ìjọba ṣe òfin ìfọwọ́wọ́nú. Àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà kò rí ohun èlò rà láti òkèèrè, wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ìdìbò ń bọ̀ ní ọdún 1983. Bí olè bá jà, ará Gánà ni. Bí iṣẹ́ bá wọ́n, ará Gánà ni. Ariwo tí ó wà ní ìgboro Accra ní ọdún 1969 ni ó wá sí ìgboro Èkó. Bí ẹnìkan bá kó o láti ibẹ̀ wá tààrà, kò lè jọ ara rẹ̀ jù báyìí lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n fi kún un pé kí àwọn tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ dúró di ọjọ́ 28 oṣù Kejì, wọ́n sì yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, àti àwọn tí ó ti dé ṣáájú ọdún 1963. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í dúró ka àyọkúrò. Ta ni yóò sì gbà pé telọ̀ kan ti dé ní ọdún 1962, nígbà tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ẹlẹ́rìí ara rẹ̀?

Ìjọba ní òfin lọ́wọ́, mo gbà. Púpọ̀ nínú wọn ti lo ju 90 ọjọ́ lọ, wọn kò sì ní àṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn onílé tí ó gba owó ọdún lọ́wọ́ wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́pàá tí ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ní òpópónà mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, kò sí ẹni tí ó ka ọjọ́.

Àwọn àgbà Agége sọ bí ọ̀sẹ̀ méjì náà ti rí. Wọ́n ní a lè fi owó tí kò tó nǹkan ra ibùsùn, ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ra àga àti tábìlì. Olówó oṣù tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó padà wá ní òpin oṣù kò ní òpin oṣù. Onílé tí ó ti gba owó ọdún kan kò dá ti oṣù tí ó kù padà. Àpò aláràbarà náà ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà, ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì gba ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba orúkọ. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí ó jáde ní Íjíbítì ní òru, tí wọn kò rí àyè fi ìwúkàrà sí ìyẹ̀fun, mo rò pé wọn yóò mọ àpò náà bí wọ́n bá rí i.

Ọ̀nà sì dí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982 ni Jerry Rawlings, olórí ìjọba Gánà, ti ti ibodè Gánà àti Tógò. Tógò wò ó pé bí èrò bá wọ ilẹ̀ òun, wọn kò ní rí ibi jáde; ó ti ibodè tirẹ̀. Benin, tí í ṣe Dàhòmì àtijọ́, rí i pé ọ̀dọ̀ òun ni gbogbo èrò náà yóò dúró sí. Ó ti Sèmè. Nítorí náà, ìjọba kan ń wí pé, “Ẹ jáde,” kò sì sí ilẹ̀kùn. Àwọn kan sùn nínú pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní ọdún 1979. Àwọn mìíràn sùn ní èbúté Àpápá, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn lọ sí Tema. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúró ní ọ̀nà Àgbádárìgì nínú oòrùn ọyẹ́, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ebi pa wọ́n, àìsàn mú wọn, ẹlòmíràn kò sì dé ilé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kíní, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí àkókò pé, Gánà ṣí ibodè rẹ̀, àwọn tí ó kù sì ṣí ti wọn. Àwọn tí ó jáde ní Nàìjíríà ní àkókò náà tó bí mílíọ̀nù méjì, bí ìdajì wọn sì jẹ́ ará Gánà. Gbogbo ènìyàn tí ó wà ní Gánà nígbà náà kò ju bí mílíọ̀nù 12 lọ.

Ilé tí wọ́n dé kì í ṣe ilé oúnjẹ. Ọ̀dá mú ní ọdún náà, iná sì jó oko àgbàdo àti kòkó. Ebi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí egungun ọrùn ènìyàn fi yọ síta, àwọn ará Gánà sì sọ egungun náà ní “ẹ̀gbà ọrùn Rawlings.” Síbẹ̀, ìlú tí kò ní oúnjẹ fún ara rẹ̀ gba àwọn ọmọ rẹ̀ padà, ó wá ọkọ̀ fún wọn dé abúlé wọn. Èyí yẹ fún ìyìn.

Níhìn-ín, iṣẹ́ kò pọ̀ sí i ní Ìkẹjà. Kì í ṣe ará Gánà ni ó ti ilé iṣẹ́ aṣọ. Àìsí owó òkèèrè ni. Àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Shagari ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ìjọba tuntun náà tún lé àwọn àjèjì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1985, àwọn ará Gánà tí ó ti yọ́ padà wá sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn olórí ECOWAS jókòó ní Lome, wọ́n sì fi kún àdéhùn wọn pé ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ́ lé gbọ́dọ̀ rí àsìkò tí ó tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí mo máa ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ. Àlejò ni ẹni tí ó wá kí wa. Àlejò náà ni ẹni tí ó wá bá wa gbé tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Èdè wa kò yà wọ́n sọ́tọ̀. A ń fún méjèèjì ní omi. Òfin òyìnbó ni ó ní ọ̀rọ̀ méjì fún wọn, ọ̀kan fún ẹni tí a ń gbà, ọ̀kan fún ẹni tí a ń lé, ọ̀rọ̀ kejì yìí sì ni Accra lò ní ọdún 1969, òun náà ni Èkó lò ní ọdún 1983. N kò wí pé àwọn baba wa kò lé ènìyàn rí. Wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń lé, àti ohun tí ó ṣe.

Àwọn Yorùbá padà sí Gánà, kò pẹ́ rárá. Àwọn Èjìgbò tẹ síwájú sí Abidjan, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èdè Faransé kò fi ṣàjèjì ní ọjà Èjìgbò. Àwọn ará Gánà náà padà sí Èkó. Òfin tí Busia ṣe ní ọdún 1970, pé ọmọ Gánà nìkan ni ó lè ta ọjà wẹ́wẹ́, tún jẹyọ ní ọ̀nà mìíràn nínú òfin ọdún 2013, nítorí rẹ̀ sì ni wọ́n fi ti ìsọ̀ àwọn ará Nàìjíríà ní Kumasi àti Accra ní ọdún 2019. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan wọ́ jọ ní Accra pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, wọ́n ń kígbe pé kí àwọn ará Nàìjíríà máa lọ. Ìjọba wa rán mínísítà kan lọ bá Ààrẹ John Mahama, òun náà sì fi ọkàn wọn balẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ọkọ̀ èrò kò dẹ́kun láti máa ti Èkó lọ sí Accra, ó ń kọjá ní Sèmè bí ó ti máa ń ṣe.